Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ alpha-1: àwọn àṣìṣe tó ń mú kí àrùn náà sá mọ́ wa lójú

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe alpha-1 antitrypsin, púrótéènì tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni pé kó dá elastase lọ́wọ́ kọ́, ìyẹn èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ fi ń bá kòkòrò àrùn jà, kó má baà jẹ ẹ̀dọ̀fóró fúnra rẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó, èémí rẹ̀ á máa kúrú díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní Z ló jogún, púrótéènì náà á lọ́, á há sínú ẹ̀dọ̀, á sì máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ọdún 1963 ni Carl-Bertil Laurell àti Sten Eriksson ṣàwárí rẹ̀ ní Sweden, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń lo oògùn ikọ́ fée fún ọdún gbọọrọ kí ẹnikẹ́ni tó rántí àyẹ̀wò yìí.

Ẹ má ṣe sọ pé, “Sìgá ló fà á,” kí ẹ sì pa ọ̀rọ̀ náà tì. Láti 1997 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí gbogbo ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró olójú pípẹ́ tí wọ́n ń pè ní COPD ṣe é lẹ́ẹ̀kan, yálà ó ń fa sìgá tàbí kò fà á. Ọmọ tuntun tí ibà pọ́njú rẹ̀ kọ̀ tí kò lọ náà yẹ fún un.

Àṣìṣe tó dùn mí jù ni kí ènìyàn lọ ṣe àyẹ̀wò nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, kí ó sì gba nọ́ńbà tó jáde gbọ́. Púrótéènì yìí máa ń pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ bí ara bá ń bá àrùn jà, bí obìnrin bá lóyún, tàbí bó bá ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní estrogen. Ó dà bí ẹni tó ń wọn omi odò lẹ́yìn òjò ńlá. Lẹ́tà méjì ni kálukú ń jogún, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá: M ni irú tó dára, S àti Z ni àwọn tó ní àbùkù. Iye ti ẹni tó jẹ́ ZZ sábà máa ń kéré síbẹ̀, àmọ́ ẹni tó jẹ́ MZ tàbí SZ lè rí nọ́ńbà tó jọ ti ẹni tí kò jogún àbùkù kankan. Ẹ dúró kí ara yá ná. Bí kò bá ṣeé dúró, ẹ ní kí wọ́n ṣe CRP mọ́ ọn, èyí tó ń fi hàn bí ara bá ń jà lọ́wọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n pẹ̀lú. Ìlà tí dókítà ń wò fún ewu ẹ̀dọ̀fóró ni 11 µmol/L, tó súnmọ́ 57 mg/dL. Ẹni tó bá rí 50 mg/dL, tó wá fi wé 11 láìwo ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè fò fáyọ̀ lásán.

Jẹ́nótáìpù AA tàbí AS tí gbogbo wa mọ̀ kò kan èyí rárá. Ti fòníkú-fọ̀larọ̀dìde nìyẹn. Àyẹ̀wò bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ náà kò lè dípò rẹ̀. Bákan náà, àyẹ̀wò jíìnì tó ń wá S àti Z nìkan kò ní rí àwọn irú tó ṣọ̀wọ́n. Bí iye púrótéènì bá kéré gan-an tí èsì jíìnì sì ní kò sí nǹkan, àwọn méjèèjì kò bára mu nìyẹn. Ẹ bi dókítà bóyá wọ́n lè ka jíìnì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti di ti ẹni tó fún un lẹ́dọ̀. Ohun tí yóò fi lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ kò yí padà.

Ẹ má sì fi èsì pamọ́ fún ẹbí. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ MZ, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ ZZ. Àbúrò yín tí kò tíì wúkọ́ rí gan-an ló yẹ kó rí ìwé yẹn, kó tó fẹnu kan sìgá.