Oríkèé Párì: Ẹnu Tí Kò Padé àti Ẹnu Tí Kò Là

Ẹ fi ìka kan síwájú etí ọ̀tún, ẹ fi òmíràn síwájú ti òsì, kí ẹ wá la ẹnu díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń mì lábẹ́ ìka yín yẹn ni oríkèé párì. Bí ẹnu ṣe ń là bọ̀, orí eegun párì á kọ́kọ́ yí lójú kan. Bí ẹ bá là á sí i, á kúrò nínú kòtò rẹ̀, á yọ́ wá síwájú. Bí ẹ bá pa ẹnu dé, á padà sílé.

Kerekere fẹ́lẹ́ kan wà láàárín eegun párì àti eegun agbárí tí kòtò náà wà, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. Bó bá yẹ̀ síwájú, ẹ ó máa gbọ́ “kọ́” bí ẹ bá ń jẹun. Bí kò bá dùn yín, tí ìka yín mẹ́ta tí ẹ tò léra sì ń wọ àárín eyín iwájú, ẹ má dààmú. Ẹnu àgbà sábà máa ń là tó mìlímítà 35 sí 55.

Ohun tó ń fìyà jẹ oríkèé yìí ni ká máa fi eyín pa ẹ̀kúrọ́ (òkúta mà wà nílẹ̀!), ká máa fi eyín ṣí ìgò, àti pípayínkeke lójú oorun. Bó bá ń dùn yín, ẹ fi gúgúrú àti ẹran líle sílẹ̀ ná, ẹ máa mu ẹ̀kọ, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé e.

Nígbà mìíràn ènìyàn á yán, orí eegun á ré kọjá òkè kékeré tó wà níwájú kòtò náà, kò sì ní lè padà. Ẹnu á là sílẹ̀ gbàgà, itọ́ á máa dà. Ẹ má gbá a létí, ẹ má sì lu àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbé àgbọ̀n náà ró, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà á fi àtàǹpàkò tẹ párì wálẹ̀ lẹ́yìn, á tì í padà. Ẹ má dán an wò nílé, eyín lè pa dé mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti ṣe rí, kó máa fọwọ́ ti àgbọ̀n lábẹ́ bó bá ń yán.

Ẹnu tó dì pa yàtọ̀ o. Ẹni tí ọkọ́ ṣá lẹ́sẹ̀ tàbí tó tẹ ìṣó, tí párì rẹ̀ wá le lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tí kò lè la ẹnu mọ́, oríkèé kọ́ nìyẹn. Ó lè jẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, àrùn tó ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, tó ń mú kí iṣan ara le gbagidi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e dé ilé ìwòsàn, kódà bí ojú ọgbẹ́ bá ti jinná.