Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó lórí "kan": ìrírí mi nídìí títúmọ̀ àlọ́ Ìjàpá sí èdè Rọ́ṣíà

Ruble 8,000 ni àlọ́ olójú-ewé mẹ́jọ ná mi. Bàtà òtútù ni mo ń tọ́jú owó náà fún, ẹni tó bá sì ti gbé ìlú Voronezh ní Rọ́ṣíà rí nínú oṣù Kejìlá mọ ohun tí mo ń sọ. Inú ṣì ń bí mi, nítorí ìdajì owó yẹn kò yẹ kó kúrò lọ́wọ́ mi rárá.

Àwa ọmọ Nàìjíríà la fẹ́ fi àlọ́ Ìjàpá àti akèrègbè ọgbọ́n sínú ìwé pẹlẹbẹ kan fún alẹ́ àṣà ní yunifásítì, mo sì ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún mi. Mo ti fi ọdún kan gbáko kọ́ èdè Rọ́ṣíà, ẹ̀rù kò bà mí.

Ibi tí mo ti ṣìnà ni pé Gẹ̀ẹ́sì ni mo kọ́kọ́ fi kọ àlọ́ náà, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé gírámà tí mo ń lò. Ìwé yẹn sọ pé èdè Rọ́ṣíà kò ní "a", kò sì ní "the". Ó parí síbẹ̀. Bí mo bá ti rí "a", mo fi "odin", ìyẹn "ọ̀kan", síbẹ̀. Mo kà á lẹ́yìn náà: "odin" 23!

Obìnrin ará Rọ́ṣíà tó ń bá wa yẹ iṣẹ́ wò gba ruble 500 lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ó fa ìlà pupa sí i láti òkè délẹ̀, ó dá a padà láìsọ ìdí. Mo kọ "Odin okhotnik prishyol" kí n lè sọ pé ọdẹ kan dé. Lójú tirẹ̀, ọdẹ kan péré ló dé, àfi bíi pé àwọn yòókù wà lẹ́yìn.

Mo bá yọ "odin" kúrò: "Okhotnik prishyol". Ìyẹn náà kò tọ́. Ó bi mí pé ọdẹ wo? Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ọ̀rọ̀ méjì yìí kó tó yé mi. Nínú ìwé wọn, ohun tí òǹkàwé ti mọ̀ ló sábà máa ń ṣíwájú, tuntun a wá sí ìparí. "Prishyol okhotnik": ọdẹ kan dé. "Okhotnik prishyol": ọdẹ náà dé. Ipò nìkan ló yàtọ̀! Ta ni ìbá ti sọ fún mi kí n tó sanwó?

Ìgbà náà ni mo ju ti Gẹ̀ẹ́sì nù, tí mo sì kọ àlọ́ náà bí ìyá àgbà mi ṣe ń pa á. Àwa náà ń sọ pé "mo ra ìwé" láìfi nǹkan kan tì í. Níbi tí ìyá àgbà bá ti sọ "náà", mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn síwájú. Níbi tó bá ti sọ "kan", mo gbé e sẹ́yìn. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yá.

Ibì kan wà tí Yorùbá kò ti gbà mí. Ìjàpá ń wá igi kan. Ìjàpá gun igi kan. "Kan" kan náà la lò, àmọ́ méjì ni tiwọn. Igi tí kò tíì rí, èyíkéyìí tó bá ṣáà ti ga, "kakoye-nibud derevo" ni. Igi tó ti gùn, tí a kàn kò mọ irú èyí tó jẹ́, "kakoye-to derevo" ni. Èmi fúnra mi ni mo wá ọgbọ́n rẹ̀: bí "èyíkéyìí" bá bá gbólóhùn náà mu, mo mú "nibud". Kò já mi kulẹ̀ nínú gbogbo àlọ́ náà. Omi tí Ìjàpá mu ńkọ́? "Vypil vody" ni mo kọ, torí "vypil vodu" yóò túmọ̀ sí pé ó mu omi náà tán.

Mo tún san ruble 4,000. Ìlà pupa méjì péré ló fà lọ́tẹ̀ yìí, àmì ìdánudúró sì ni méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí, kó kọ́kọ́ bá ayẹ̀wéwò ṣàdéhùn pé yóò máa kọ ìdí àṣìṣe sí i, kó sì túmọ̀ láti Yorùbá tààrà. Nínú "odin" 23 mi, ẹyọ kan ló ṣẹ́kù, ní ìbẹ̀rẹ̀ àlọ́, níbi tí àwọn gan-an ti máa ń lò ó: "V odnoy derevne", ní abúlé kan ("odin" náà ló di "odnoy" níbẹ̀).