Bẹ́ẹ ṣe lè gun fatbike nígbà òtútù létíkun tẹ́ẹ ti mọ̀ láti kékeré

Ohun tó máa ń kó bá èèyàn létíkun tó ti ń ṣeré láti kékeré ni pé ó rò pé òun mọ ibẹ̀ bí ẹni mowó. Lóòótọ́ ẹ mọ ibi tí àpáta wà, ẹ mọ ibi tí odò kékeré yẹn ti ń wọ òkun, ẹ mọ ibi tẹ́ẹ ti máa ń gbẹ́ ihò sínú yanrìn, àmọ́ ìgbà ooru lẹ fi mọ gbogbo ẹ̀. Tí òtútù bá dé, ìgbì á le sí i, á máa fa yanrìn kúrò létíkun lọ kó o jọ sábẹ́ omi níwájú, ni etíkun á bá tínrín, òkúta tẹ́ò rí rí á yọrí síta. Ìgbà tí ooru bá padà dé ni ìgbì tó rọra ń wá á tún máa dá yanrìn náà padà díẹ̀díẹ̀. Torí náà ẹ lọ síbẹ̀ bí àlejò, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kan kẹ́ẹ tó gbé kẹ̀kẹ́ dé.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Fatbike ni kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá, táyà ẹ̀ máa ń fẹ̀ tó ínǹṣì 3.8 sí 5. Ní Alaska lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ti ń jó ríìmù pọ̀ mọ́ra fúnra wọn, àwọn kan ní New Mexico náà sì ń ṣe ríìmù tó fẹ̀, kó tó di nǹkan tí wọ́n ń tà káàkiri, kẹ̀kẹ́ Pugsley tí ilé iṣẹ́ Surly gbé jáde lọ́dún 2005 ló jẹ́ kí ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa wẹ́dà náà lè rà á. Àmọ́ títóbi táyà nìkan ò ṣe nǹkan kan o, bẹ́ẹ bá fún un ní afẹ́fẹ́ àfúndì, á kàn máa rì sínú yanrìn bíi ti kẹ̀kẹ́ yòókù ni. Lórí yanrìn tútù tó le, èmi máa ń lo bíi psi 8 (psi ni wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), tó bá ti rọ̀ mo máa ń dín in kù sí 5, nígbà míì 4. Gééjì lásán tí wọ́n fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà ò lè sọ òótọ́ fún yín níbi tó kéré tó yẹn, ẹ wá èyí tí wọ́n ṣe fún afẹ́fẹ́ kékeré, torí tó bá fi psi kan péré yàtọ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Tẹ́ò bá ní gééjì, ẹ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kí ẹnì kan wo táyà ẹ̀yìn: ó yẹ kó tẹ̀ kó fẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ sì hunjọ díẹ̀, kí ríìmù má ṣáà kanlẹ̀.

Ẹ má wọn táyà nínú ilé tó móoru kẹ́ẹ wá gbàgbé ẹ̀. Afẹ́fẹ́ máa ń sún kì tí òtútù bá mú un, 6 tẹ́ẹ wọ̀n nínú yàrá tó wà ní dígírì 20 á ti di bíi 4 àti ààbọ̀ níta tó wà ní òdo. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ síta fún ogún ìṣẹ́jú, kẹ́ẹ tó tún un wọ̀n.

Ọ̀rọ̀ òkun gan-an ló yẹ kẹ́ẹ fara balẹ̀ sí. Lọ́pọ̀ ibi, omi máa ń fà fún bíi wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀, á sì tún kún fún iye yẹn, kì í sì í lọ bákan náà látòkèdélẹ̀, wákàtí kẹta àti ìkẹrin ló máa ń sáré jù, bí ìdajì omi náà á ti wọlé láàárín méjèèjì. Ẹ wo àtẹ òkun, ìyẹn ìwé tó ń sọ ìgbà tí omi á kún àti ìgbà tó máa fà, kẹ́ẹ gbéra ní bíi wákàtí méjì kí omi tó fà tán, tó bá ti fà tán kẹ́ẹ ti máa yíjú padà sílé. Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú àti nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, omi máa ń fà jìnnà ju bẹ́ẹ ṣe rò lọ, á sì padà wá pẹ̀lú agbára. Àtẹ ò sì mọ̀ nípa ìjì o, atẹ́gùn líle tó ń ti ojú òkun bọ̀ lè gbé omi wá ju ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Èmi tí mò ń sọ yìí, odò kékeré kan wà tí mo máa ń fò kọjá nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, mo gùn ún kọjá tí omi ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, mo lọ jókòó ń wo òkun, ìgbà tí mo máa fi padà ó ti dé orúnkún, mo gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, bàtà méjèèjì kún fún omi, gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi sì ti kú kí n tó délé. Odò tó ń wọ òkun lẹ gbọ́dọ̀ máa fi ṣe aago yín.

Bẹ́ẹ ṣe máa mọ yanrìn tó dáa nìyí: ẹ fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Tí àyíká ẹsẹ̀ yín bá funfun, tó dà bíi pé omi sá kúrò lára ẹ̀, ó le, ẹ gùn ún. Tí omi bá ń sun sínú ojú ẹsẹ̀, tí ẹsẹ̀ sì ń wọlẹ̀, ẹ yà kúrò níbẹ̀. Tí òtútù bá mú gan-an lóru, yanrìn tútù tó wà lókè á dì, á le bí títì, mi ò rí ibi tó dùn ún gùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n odò tó gba orí yanrìn kọjá máa ń di yìnyín ṣáájú omi òkun, torí iyọ̀ ò sí nínú ẹ̀ (omi òkun ń dúró di bíi dígírì 1.8 sísàlẹ̀ òdo), níbẹ̀ ẹ má fa bíréèkì iwájú, ẹ má yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ kàn máa wa pẹ́dà jẹ́jẹ́. Òkúta tí koríko òkun bá wà lórí ẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ jàre.

Ẹ kọ́kọ́ kọjú sí atẹ́gùn nígbà tẹ́ẹ bá ń lọ, kó lè máa tì yín nígbà tẹ́ẹ bá ń bọ̀ tó ti rẹ̀ yín. Aṣọ òwú ò dáa lára, òógùn máa ń dúró sínú ẹ̀, ẹ wọ wúùlù sínú àti jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gbà wọlé síta, tí ẹ bá gbéra tí ara yín ò gbóná, á jẹ́ pé ẹ wọ̀ ọ́ dáadáa. Bàtà kó fẹ̀ díẹ̀, èyí tó bá fún á dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ni. Fóònù, ẹ fi sí àpò àyà nínú, torí òtútù máa ń jẹ bátìrì, ike omi náà ẹ dorí ẹ̀ kodò, òkè ló máa ń kọ́kọ́ dì. Tí ẹ bá rí ẹyẹ tó kóra jọ létí omi, ẹ yà fún wọn, oúnjẹ tí wọ́n rí jẹ ò tó fífò lásán lásìkò yìí. Ẹ má sì gun koríko orí òkìtì yanrìn.

Tẹ́ẹ bá délé, ẹ má jókòó! Iyọ̀ ò mọ̀ pé ó ti rẹ̀ yín, mo fi tèmi sílẹ̀ di àárọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ṣéènì ti pupa bí epo. Omi lásán ni kẹ́ẹ dà sí i lára, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ń tú omi pẹ̀lú agbára síbi tí bẹ́ríǹ wà, kẹ́ẹ nù ún, kẹ́ẹ fi òróró sí ṣéènì lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ẹ yọ ọ̀pá ìjókòó, kẹ́ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kodò, ẹ máa rí omi òkun tó máa dà jáde níbẹ̀.