Bí a ṣe fi owó-orí ilé tún pílásà wa ṣe ní Houston

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: PACE (Property Assessed Clean Energy), ètò tó ń jẹ́ kí onílé yá owó ṣe àtúnṣe tó ń dín iná àti omi tí ilé ń lò kù, tí wọ́n sì ń so gbèsè rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ bí owó-orí ilé, kì í ṣe ẹ̀bùn ìjọba. Gbèsè ni, èlé wà lórí rẹ̀, ogún ọdún la ó sì fi san tiwa. Síbẹ̀, bí mo bá tún ní ilé ìtajà mìíràn lónìí tí òrùlé rẹ̀ ń jò, ọ̀nà yìí kan náà ni màá tún gbà.

Pílásà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jọ ni wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, lójú títì Bissonnet, níbi tí ìsọ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Wọ́n ti kọ́ ọ láti 1982. Ìsọ̀ mẹ́jọ ló wà níbẹ̀: ilé oúnjẹ kan, ìsọ̀ ńlá tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ẹja dídì, àwọn onídìrí, ìjọ kékeré kan, àti àwọn mìíràn. Àwọn ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lórí òrùlé ti darúgbó, òrùlé fúnra rẹ̀ ń jò, iná inú ilé sì jẹ́ irú èyí tó ń mú ooru jáde bó ṣe ń tan ìmọ́lẹ̀. Ẹni tó bá mọ ooru Texas nínú oṣù August mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fáàrí kọ́ nìyẹn. Kò sí obìnrin tó máa jókòó fún wákàtí márùn-ún kí wọ́n máa di irun fún un nínú ilé tó gbóná.

Gbogbo iṣẹ́ náà, láti orí òrùlé tuntun tí fóòmù tó ń dí ooru lọ́nà wà lábẹ́ rẹ̀, dé orí ẹ̀rọ amúlétutù, iná LED àti sólà, jẹ́ $380,000. Ohun tí àwa onílé ìtajà sábà máa ń ṣe ni pé ká pààrọ̀ ẹ̀rọ kan lọ́dún yìí, ká fi káàdì san án, ká tún pààrọ̀ òmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Kí èyí tó kẹ́yìn tó dé, àkọ́kọ́ ti tún bàjẹ́, èlé káàdì sì ti jẹ èrè ilé tán.

Ìlú Berkeley ní California ni ọgbọ́n PACE ti bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Cisco DeVries, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì olórí ìlú náà nígbà náà, ló mú un wá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ìlú Amẹ́ríkà ti ń la kòtò ẹ̀gbin àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ síwájú ilé àwọn èèyàn, tí wọ́n á sì máa gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú owó-orí ilé fún ọ̀pọ̀ ọdún. DeVries ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún sólà náà. Texas ṣe òfin tirẹ̀ ní 2013, Travis County ló kọ́kọ́ mú un lò, ìlú Houston sì gbà á wọlé ní 2015. Texas PACE Authority ló ń bá Houston bójú tó ìwé rẹ̀.

Ní Texas, ilé ìtajà, ilé iṣẹ́, oko àti ilé tó ní fúláàtì márùn-ún sókè nìkan ni òfin náà wà fún. Ilé gbígbé tí kò tó bẹ́ẹ̀ kò sí níbẹ̀, inú mi sì dùn pé wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ní California, tí wọ́n ti ṣí i fún ilé gbígbé, àwọn agbaṣẹ́ṣe ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń gba ìbọwọ́lùwé lọ́wọ́ àwọn arúgbó tí kò mọ̀ pé ilé àwọn lè bọ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́. Los Angeles County fòpin sí tirẹ̀ ní 2020.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ìlú ń ṣe níbẹ̀. Ìlú kò mú kọ́bọ̀ sílẹ̀. Ayánilówó àdáni ló ni owó, òun náà ló sì ń gba ìdápadà lọ́wọ́ wa tààrà. Ohun tí ìlú fi sí i ni agbára owó-orí: wọ́n so gbèsè náà mọ́ ilẹ̀, ó sì dúró sípò kan náà pẹ̀lú owó-orí ilé, níwájú mọ́gééjì, ìyẹn gbèsè báńkì tí a fi ilé náà ṣe ìdúró fún. Nítorí ìyẹn ni ayánilówó fi lè fọkàn balẹ̀ dúró fún ogún ọdún. Nítorí ìyẹn náà sì ni báńkì tó ni mọ́gééjì fi máa ń bínú, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ìṣirò tó mú wa gbà nìyí. Ká ní a yá $380,000 ní báńkì bí a ṣe ń yáwó lásán, fún ọdún márùn-ún, pẹ̀lú èlé 9%, ohun tí a ó máa san lọ́dún á sún mọ́ $98,000. Pílásà wa kò lè pa irú owó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mọ́gééjì, owó-orí àti ìnáwó àtúnṣe. PACE tí a gbà jẹ́ ti ogún ọdún, èlé 7.5%, ó sì já sí nǹkan bí $37,300 lọ́dún. Mo mọ̀ pé ẹni tó bá fọkàn sí i ti rí i pé nígbà tí ogún ọdún bá fi pé, ó ju $745,000 lọ tí a máa ti san, nígbà tí ti báńkì ì bá tán síbi $490,000. Òótọ́ ni, owó ńlá sì ni ìyàtọ̀ yẹn. Àyè ìmí la fi rà. Òrùlé náà á lo ogún ọdún, sólà á lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò tọ́ kí owó ilé ọdún márùn-ún péré ru ẹrù ohun tó máa wúlò fún ogún. Òfin Texas pàápàá kò gbà kí gbèsè náà pẹ́ ju iye ọdún tí ohun tí wọ́n fi ṣe lè lò lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ní, “Àbúrò, gbèsè tó bá jókòó sórí ilẹ̀, ṣé ọmọ wa ló máa san án?” Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká ka ìwé náà papọ̀. Ohun tó yí wọn lọ́kàn padà ni pé a kò fi ilé tí à ń gbé dúró, a kò sì fi orúkọ ara wa ṣe onídùúró. Pílásà nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹnjiníà ló tẹ̀ lé e. Òfin ní kí ẹnìkan tí kò sí lára agbaṣẹ́ṣe wo iye iná àti omi tí ilé ń lò báyìí, kó sì ṣírò iye tó máa dín kù, kó tún padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn iṣẹ́ bóyá ó rí bí wọ́n ṣe wí. Ó béèrè ìwé owó iná gbogbo ìsọ̀. Ní Houston, kálukú ló ń yan ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún un, nítorí náà ìsọ̀ mẹ́jọ túmọ̀ sí oríṣiríṣi ilé iṣẹ́ àti oríṣiríṣi iye owó. Láti kó ìwé wọ̀nyẹn jọ gba sùúrù. Àwọn kan ti yí ilé iṣẹ́ padà, àwọn kan kò rántí ọ̀rọ̀ aṣínà wọn mọ́.

Ó tún jẹ́ ká mọ ohun tí PACE kò lè ra. Ohun tí kò bá lẹ̀ mọ́ ilé títí láé kò sí níbẹ̀, nítorí náà fíríísà tí wọ́n ń kó ẹja sí, tó ń jẹ iná jù lọ nínú ìsọ̀ yẹn, dúró síta. Ní ti sólà, òfin Texas kò pàṣẹ fún ilé iṣẹ́ iná láti ra iná tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ẹni ní iye kan náà tí wọ́n ń tà á, torí náà ẹnjiníà ní ká má ṣe bo gbogbo òrùlé. Ó wọn sólà mọ́ iye iná tí ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ èlùbọ́ ń lò lójú mọmọ, ó sì so ó mọ́ mítà àwọn méjèèjì. A kò ra bátìrì. Èyí ni mo ní láti ṣàlàyé fún àwọn ayálégbé yékéyéké, torí nígbà tí ìjì Beryl jà ní July 2024, ó lé ní mílíọ̀nù 2 oníbàárà tí iná wọn lọ ní agbègbè Houston, àwọn ẹlẹ́ja sì da ẹja nù. Wọ́n rò pé sólà máa gbà wọ́n lọ́jọ́ irú ìjì bẹ́ẹ̀. Sólà tí kò ní bátìrì máa ń pa ara rẹ̀ ni bí iná ìlú bá ti lọ, kí iná má bàa gbá àwọn tó ń tún wáyà ṣe.

Wàyí o, báńkì. Òfin ní kí ẹni tó ni mọ́gééjì gbọ́ nípa rẹ̀ ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ kí a tó fọwọ́ sí àdéhùn, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà. Bí kò bá kọ ọ́, kò sí PACE. Ẹni tó kọ́kọ́ dá wa lóhùn ní báńkì wa sọ lórí fóònù pé kò sí gbèsè kan tó máa ṣíwájú tiwọn, ó parí. Mi ò bínú sí i. Ẹ̀rù tó bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán.

A kò jà, a kọ lẹ́tà. Ohun tí a fi ṣáájú nínú rẹ̀ ni èyí tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ báńkì kò tíì kà nínú òfin náà: bí a bá kùnà láti san, kì í ṣe gbogbo $380,000 ló máa ṣubú lù wá lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tí a jẹ sílẹ̀ nìkan ni wọ́n lè gbà. Bí wọ́n bá tilẹ̀ ta ilé náà nítorí owó-orí, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé máa bá ilẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rà á. Nítorí náà, ohun tó lè dúró níwájú báńkì fún ọdún kan tí a kò bá san jẹ́ $37,300 pẹ̀lú ìtanràn, lórí ilé tó tó ọ̀pọ̀ ìlọ́po ìyẹn. A so ìwé ìnáwó àtúnṣe àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ ọn, kí wọ́n lè rí owó tí à ń sọ sínú afẹ́fẹ́. A sì gba ìwé lọ́wọ́ méjì nínú àwọn ayálégbé wa pé bí ilé bá tutù, àwọn máa tún àdéhùn àwọn ṣe. Mo rò pé ìwé àwọn ayálégbé yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Báńkì mọ̀ pé ìsọ̀ tó ṣófo kì í san mọ́gééjì. A tún gbà láti fi owó PACE ti oṣù mélòó kan pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìjókòó ìgbìmọ̀ wọn, lẹ́tà ìfọwọ́sí dé. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí, ọ̀dọ̀ báńkì ni kó kọ́kọ́ lọ, kó tó san owó ẹnjiníà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ayálégbé ni mo gbé lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀. Nínú àdéhùn ilé wọn, ìpín wọn nínú owó-orí ilé wà lọ́rùn wọn, lọ́yà wa sì sọ pé ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ gbòòrò tó láti kó PACE mọ́ ọn. A lè kàn pín $37,300 náà lé wọn lórí ká sì dákẹ́. Òfin gbà á. Ọkàn mi kò gbà á, torí àwọn onídìrí kékeré kò lo iná tó ilé oúnjẹ, òrùlé nìkan ni wọ́n jọ ní.

A pè wọ́n jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, a fi ìṣirò ẹnjiníà hàn wọ́n, ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Ìyá tó ń ta èlùbọ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Ọmọ mi, tí mo bá kó kúrò níbí lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé gbèsè yín yìí ò ní tẹ̀ lé mi?” Mo ní, “Rárá, mà, ilẹ̀ ló jẹ ẹ́, ẹ̀yin kọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá kó ni tiyín parí.” Wọ́n tún bi mí pé bí owó iná kò bá wá wálẹ̀ bí ẹnjiníà ti wí ńkọ́? Ìbéèrè yẹn ló bí ohun tí a kọ sínú àdéhùn: a kò ní gba ohunkóhun títí ẹ̀rọ tuntun fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìpín ìsọ̀ kankan kò sì ní ju iye tí ẹnjiníà ṣírò pé owó iná rẹ̀ máa dín lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, àwa onílé ló ń gbé e. Ó ń jẹ wá lówó ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sì rò pé ohun tó tọ́ ni.

Iṣẹ́ gan-an yá ju ìwé lọ. Òrùlé ṣáájú, torí ẹnikẹ́ni tó bá gbé sólà lé òrùlé tó ti gbó máa tún sanwó láti gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àwọn ìsọ̀ ṣí sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò náà àyàfi lọ́jọ́ tí kéréènì ń gbé ẹ̀rọ. Ìwé gbèsè náà ti wà lákọsílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé Harris County, ẹnjiníà sì ti padà wá fọwọ́ sí i pé ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́. Owó iná àwọn onídìrí ti wálẹ̀ ju iye tí ó ṣírò lọ, ti ilé oúnjẹ kò tíì dé ibẹ̀, nítorí wọ́n ti fi wákàtí kún iṣẹ́ wọn.

Ìjọba àpapọ̀ náà yọ 30% iye owó sólà kúrò nínú owó-orí tí à ń san lórí èrè wa, ìyẹn sì ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń gbèrò rẹ̀ báyìí ní láti yára, torí òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní July 4, 2025 sọ pé sólà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá bẹ̀rẹ̀ kí July 4, 2026 tó kọjá gbọ́dọ̀ ti máa mú iná jáde kí ọdún 2027 tó parí, kó tó lè rí ẹ̀dínwó yẹn gbà. Ó gba àkókò kí báńkì tó fọwọ́ sí lẹ́tà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.