Bí a ṣe lè tọ́ ọmọbìnrin tí kì í gba “torí pé obìnrin ni ọ́”

Kí òbí tó pe ọmọbìnrin rẹ̀ ní olóríkunkun, kí ó kọ́kọ́ wo ohun tí ọmọ náà ń kọ̀ gan-an: ṣé iṣẹ́ ni kò fẹ́ ṣe ni, àbí ìdí tí wọ́n fi gbé e lé òun nìkan lórí ni kò tẹ́ ẹ lọ́rùn? Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 11, mo fọ àwo tèmi lálẹ́ ọjọ́ kan, mo sì fi ti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì sílẹ̀ lórí tábìlì, tọbẹ̀ tọbẹ̀. Ìyà tí mo jẹ kò kéré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi mí pé kí ló dé.

Ẹ fi ìbéèrè kan ṣoṣo dán gbogbo òfin ilé yín wò: bí ó bá jẹ́ ọkùnrin ni ọmọ yìí, ṣé n óò sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má ṣe yí òfin náà padà nítorí ẹkún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ pín iṣẹ́ náà fún gbogbo ọmọ, kí ẹ sì lẹ orúkọ ẹni tí ọjọ́ kàn mọ́ ògiri, nítorí àdéhùn ẹnu lásán kì í pẹ́ padà sọ́rùn ọmọbìnrin. Ẹ bá a wí bí ó bá jágbe mọ́ àgbà tàbí tó gbá ilẹ̀kùn. Ẹ má bá a wí nítorí pé ó ní òun kò gbà.

Ohun tí mo kórìíra jù ni kí á gba ohun tí ọmọ fẹ́ràn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè tẹrí ba. Nígbà tí àwọn òbí Sophie Germain, obìnrin onímọ̀ ìṣirò ará Faransé tí wọ́n bí ní Paris ní ọdún 1776, rí i pé òru ló fi ń ka ìwé ìṣirò, wọ́n kó iná, aṣọ àti àbẹ́là kúrò ní yàrá rẹ̀. Ó fi àbẹ́là mìíràn pamọ́, ó wé aṣọ ìbora mọ́ra nínú òtútù, ó sì ń kàwé lọ títí ó fi sú wọn. Bàbá rẹ̀ yìí kan náà ló wá ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lẹ́yìn náà, kí ó lè ráyè ṣe ìṣirò.

Ní ti àwọn ẹbí tí yóò máa béèrè ẹni tí yóò fẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ dá wọn lóhùn níṣojú ọmọ náà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ìbátan wa kan bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Bàbá mi jókòó tì wá, ó ń ka ìwé ìròyìn rẹ̀, ó sì ṣí ojú ewé kejì.