Bí Mo Ṣe Dìbò fún Orin Fíìmù Márùn-ún Nílé Wa l'Adó-Èkìtì

Ní ọdún 2023, orin márùn-ún ló du àmì-ẹ̀yẹ Oscar fún orin tí wọ́n dìídì ṣẹ̀dá fún fíìmù. Tems, ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó ṣẹ̀dá ọ̀kan nínú wọn, "Lift Me Up", òun àti Rihanna, Ryan Coogler àti Ludwig Göransson. Nígbà tí orin àwọn ará Íńdíà, "Naatu Naatu", wá gba àmì-ẹ̀yẹ náà, àríyànjiyàn gba ẹnu àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Adó. Wọ́n ní wọ́n fi ẹ̀tọ́ Tems dù ú ni. Inú tèmi náà kò dùn, àmọ́ mo ṣàkíyèsí pé orin la gbọ́, ọ̀pọ̀ wa kò tíì wo fíìmù. Mo ní màá wo fíìmù, màá gbọ́ orin, kí n tó dìbò tèmi.

Òfin ni mo kọ́kọ́ kà. Ọ̀rọ̀ orin àti ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kó sì jẹ́ pé torí fíìmù yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ dún ketekete nínú fíìmù, tàbí kó jẹ́ òun ni orin àkọ́kọ́ tó máa wọlé nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní ìparí. Àwọn tó ṣẹ̀dá orin ló ń gba àmì-ẹ̀yẹ, kì í ṣe ẹni tó fi ohùn gbé e. Àwọn olórin inú ẹgbẹ́ Academy, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń fúnni ní Oscar, ló ń fa márùn-ún kalẹ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń dìbò yan ẹyọ kan.

"Torí fíìmù yẹn gan-an" yìí ní ìtàn. Àwọn fíìmù ọdún 1934 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ àmì-ẹ̀yẹ orin. Nígbà tó kan àwọn fíìmù 1941, "The Last Time I Saw Paris" ló gbà á. Oscar Hammerstein ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ ogun Jámánì gba ìlú Paris ní 1940, Jerome Kern ló fi ohùn sí i, àwọn èèyàn sì ti ń gbọ́ ọ kí wọ́n tó mú un wọ inú fíìmù. Kern tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà gan-an kò fara mọ́ ọn, ó rọ Academy pé kí wọ́n yí òfin padà, wọ́n sì yí i. Mo yẹ́ ọkùnrin yẹn sí. Ẹni mélòó ló máa jẹun tán kó tún ní oúnjẹ náà kì í ṣe tòun?

Rírí orin kò le. Fíìmù ló gba sùúrù, torí RRR, fíìmù tí "Naatu Naatu" wà nínú rẹ̀, nìkan lé ní wákàtí mẹ́ta, dátà òru ni mo sì fi ń wà á sórí fóònù. Bí mo ṣe ṣe é nìyí: màá kọ́kọ́ gbọ́ orin láìwo àwòrán, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi. Fún "Naatu Naatu", tí ó jẹ́ èdè Tẹ́lúgù, mo wá ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìlà dé ìlà. Lẹ́yìn náà màá wò ó níbi tó ti wáyé nínú fíìmù. Ní ìkẹyìn, màá fẹnu ara mi kọ ọ́ láìsí ìlù, láìsí ẹ̀rọ, kí n mọ ohun tó kù nínú rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo kọ sórí ìwé: bí a bá yọ orin yìí kúrò, kí ni fíìmù máa pàdánù? Inú àlọ́ àpagbè ni mo ti rí ìbéèrè yẹn. Ẹ yọ orin kúrò nínú irú àlọ́ bẹ́ẹ̀, kò ní lọ síwájú mọ́. Orin ló máa ń ṣílẹ̀kùn fún Ìjàpá, orin ló ń tú àṣírí, àwa tí a jókòó yíká la sì ń gbè é.

Mẹ́ta nínú wọn kò pẹ́ lọ́wọ́ mi. "Hold My Hand" tí Lady Gaga àti BloodPop ṣe fún Top Gun: Maverick ní ohùn tó ga tó sì dùn, àmọ́ ìtàn ti parí kí orin fúnra rẹ̀ tó wọlé. "This Is a Life" tí Ryan Lott, David Byrne àti Mitski ṣe fún Everything Everywhere All at Once bá ìdàrúdàpọ̀ fíìmù náà mu dáadáa, ṣùgbọ́n ìparí náà ló wà. "Applause" ni ti Diane Warren. Ìgbà kẹrìnlá tí wọ́n fa orin rẹ̀ kalẹ̀ nìyẹn, kò sì tíì fi ìbò gbà á rí, àyàfi Oscar ọlá tí wọ́n fún un ní 2022. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n orin yìí kọ́ ni màá tìtorí ẹ̀ dìbò fún un.

"Lift Me Up" dá mi dúró. Chadwick Boseman tó ṣe ọba nínú fíìmù Black Panther àkọ́kọ́ kú ní 2020, ikú ọba náà ni èkejì, tí orin yìí wà nínú rẹ̀, sì fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí orin yìí dé, ọ̀fọ̀ ti kún gbogbo fíìmù. Kò pariwo. Ohùn rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó ń padà sílẹ̀, bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo kọ ọ́ láìsí ìlù, kò yingin. Tems mọ iṣẹ́.

"Naatu Naatu" ni mo gbé síwájú àwọn ará ilé, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí a ń pè ní Màmá Ìkéré wà níbẹ̀. M. M. Keeravani ló fi ohùn sí i, Chandrabose ló kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, Prem Rakshith ló ṣètò ijó náà, iwájú ààfin kan ní ìlú Kyiv ni wọ́n sì ti ya á ní 2021. Nínú fíìmù náà, òyìnbó kan fi Bheem, ọ̀kan nínú àwọn akọni méjì ìtàn náà, ṣe yẹ̀yẹ́ níbi àríyá pé kò mọ ijó. Ram, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá lùlù, àwọn méjèèjì sì gbé ijó ìlú wọn jáde títí ó fi di ìdíje ta ni yóò pẹ́ jù lórí ìdúró. Òyìnbó ń ṣubú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá ku ọ̀rẹ́ méjì. Ram rí i pé ọmọbìnrin tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ràn ń wo Bheem, ló bá lọ sílẹ̀.

Màmá Ìkéré kò gbọ́ Tẹ́lúgù, kò sì ka ìtumọ̀ tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó o, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni! Torí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ni."

Ìbéèrè mi rí ìdáhùn níbẹ̀. Ẹ yọ orin yẹn kúrò, a ò ní mọ bí ìfẹ́ àwọn méjèèjì ti jinlẹ̀ tó, ìjà tó sì máa dé láàárín wọn lẹ́yìn náà kò ní dùn wá. "Naatu Naatu" ni mo dìbò fún, Màmá náà sì dìbò fún un.

Àbúrò mi obìnrin kò gbà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í kọrin láàárín ìjà. Ìgbà tí gbogbo nǹkan bá parí ló ń kọrin, ìdí nìyẹn tí ti Tems fi wà ní ìparí." Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé mi lábẹ́ "Lift Me Up". Ìbò Tems jẹ́ ọ̀kan nílé wa.