Bí A Ṣe Ń Yọ Yìnyín Lára Bàálù Kó Tó Gbéra

Ẹni tó bá ti fín kòkó rí lóko Oǹdó mọ̀ pé oògùn gbọdọ̀ fọ́n wẹ́rẹ́ kó tó kárí. Bó bá ríṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú Kánádà, kó gbàgbé ìyẹn. Níbẹ̀, ooru ló ń yọ yìnyín, oògùn tó bá sì fọ́n wẹ́rẹ́ ti tutù kó tó kan ìyẹ́ bàálù.

Yìnyín tó rí ṣákaṣàka bíi sáńpépà lásán lè gba nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 agbára tó ń gbé bàálù sókè. Ní January 13, 1982, bàálù Air Florida kan gbéra ní Washington pẹ̀lú yìnyín lára, ó já sódò Potomac. Ènìyàn 78 ló kú.

Kí páílọ́ọ̀tì kọ́kọ́ pa ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú bàálù, kí òórùn oògùn má bàa bá èrò. Ẹ yẹ oògùn náà wò, ìyẹn àdàlù omi àti glycol, ohun olómi tí kì í tètè dì: kò gbọdọ̀ lè dì, àfi bí otútù bá tún fi 10°C lọ sílẹ̀ ju ti ìta lọ.

Oògùn àkọ́kọ́ ní àwọ̀ ọsàn, ó sì ṣàn bí omi. Ó kéré tán, kó gbóná tó 60°C lẹ́nu páìpù. Ẹ sún mọ́ ìyẹ́, ẹ dà á sójú kan títí irin yóò fi yọ, kí ẹ tó sún síwájú. Láti iwájú ìyẹ́ lọ sẹ́yìn ni. Ẹni tó bá fín in láti ẹ̀yìn ń ti omi yìnyín wọ àlàfo àwọn abẹ̀bẹ̀ tí páílọ́ọ̀tì fi ń darí bàálù, yóò sì tún dì síbẹ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe sí ìyẹ́ ọ̀tún, ẹ ṣe é sí tòsì. Ẹ má fín in sẹ́nu ẹ́ńjìnnì, sí bíréèkì, sí gíláàsì, tàbí sí àwọn ihò kéékèèké tí ẹ̀rọ fi ń wọn eré bàálù.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ kan ìyẹ́. Yìnyín kan wà tó mọ́ gaara, ojú kì í rí i.

Bí yìnyín bá ṣì ń já bọ́, oògùn kejì kàn. Ewéko ni àwọ̀ rẹ̀, ó ń yọ̀ bí ewédú, a kì í sábà gbé e kaná. Ẹ tẹ́ ẹ lé ìyẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 3, kí ti àkọ́kọ́ tó dì. Afẹ́fẹ́ ni yóò gbá a dànù nígbà tí bàálù bá ń sáré láti gbéra. Àkókò tó fi ń dáàbò bo ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ, kì í ṣe ìgbà tí ẹ parí. Bí àkókò bá kọjá tí yìnyín sì ti dà lé e, ẹ fi oògùn gbígbóná ṣí gbogbo rẹ̀, kí ẹ tún un tẹ́. Ẹ má tẹ́ tuntun lé ti àtijọ́.

Oògùn kejì yìí máa ń gbẹ sínú àlàfo ìyẹ́ bí ìyẹ̀fun. Bí òjò bá kàn án, yóò wú, yóò sì dì lókè. Ẹ máa fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ kúrò lóòrèkóòrè.